Lẹ́yìn Ìwé Owó Gáàsì

Yasna nu tábìlì tán kó tó tẹ́ ìwé owó gáàsì síbẹ̀.
Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó mú bírò ọmọ.
Ẹ̀yìn ìwé náà funfun. Ibẹ̀ la fẹ́ kọ ọjọ́ iwájú Millaray sí.

Afẹ́fẹ́ òkun ń gbọn páànù òrùlé
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.
Òkè ni gbogbo Valparaíso:
ẹni tí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lókè, èbúté ni yóò ti lọ bá a.
Èbúté yẹn ni mo ti ń wa kréènì.
Mo mọ ohun tó wúwo. Ojú lásán ni mo fi ń wọn àpótí irin.
Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tó sùn ní yàrá kejì,
tó fi apá bo ológbò mọ́lẹ̀,
kréènì wo ni yóò gbé e?

Owó ìforúkọsílẹ̀.
Owó oṣù, lọ́nà mẹ́wàá.
Owó kóòtù aláwọ̀ ewé tó ní bọ́tìnì wúrà,
wúrà tí kì í ṣe wúrà.
Owó bọ́ọ̀sì dé Viña.
Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́, títí ìwé fi kún dé etí.
Mo ní, “Gbogbo èyí tí a kọ yìí, ṣé òun ni yóò kọ́ ọmọ?”
Kò rẹ́rìn-ín.

Ilé-ìwé ìjọba wà ní ìsàlẹ̀ wa, àtẹ̀gùn mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Ẹsẹ̀ mi ló kà á.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìṣirò
tí mo fi mọ̀ lálẹ́ yìí pé owó wa ò tó.
Òjò Oṣù Keje kì í kan ilẹ̀kùn níbẹ̀ kó tó wọlé.
Tíṣà Retamal a gbé garawa sáàárín kíláàsì,
a ní ká ka ẹ̀kán omi, ká sọ ọ́ di ìlọ́po méje.
Mo lè sọ ìlọ́po méje lójú oorun.
Òrùlé yẹn ṣì ń jò.

“Lọ́dún tó kọjá wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ,” ni Yasna wí.
“Ọmọ Jeanette gbàgbé lẹ́tà tó ti mọ̀.
Nibaldo, èmi ni mo ń fọ kóòtù ọmọ àwọn ọ̀gá mi.
Mo ti gbọ́ bó ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.
Ọmọ yẹn kì í bẹ̀bẹ̀. Ó máa ń béèrè ni.
Ohun tí mo fẹ́ rà nìyẹn.”

Mo fẹ́ sọ pé bí gbogbo wa bá kó ọmọ wa jáde,
ta ni yóò da omi garawa nù?
Ẹnu mi là, mo tún pa á dé.
Millaray kì í ṣe òpó tí a fi ń ti òrùlé ìjọba.

Àti pé mo rántí Ọjọ́bọ̀.
Ìyá tó ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò ní Viña bi mí pé,
“Ní èbúté? Nínú ọ́fíìsì?”
Mo wo ọwọ́ mi.
Ọwọ́ mi náà wò mí.

Millaray jáde wá mumi.
Ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó wo tábìlì.
“Ta ló fi bírò mi kọ nǹkan?”
A ò fèsì. Ó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀,
ó ya ológbò sí àyè kékeré tó ṣẹ́ kù,
ó fún un ní bọ́tìnì mẹ́ta,
ó padà lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé náà lọ sanwó gáàsì.
Ọmọbìnrin tó ń gbowó yí i padà,
ó wo ìṣirò wa, ó wo ojú mi,
ó wá lu òǹtẹ̀ mọ́ orí ológbò:
A TI SAN.