Agbọ̀n Keje

A kúrò ní Kubwa kí ìràwọ̀ tó wọlé,
èmi àti Adéwọyin, pẹ̀lú àpò àwo mẹ́rìnlá,
àwo tí a kì í bu ọbẹ̀ sí,
tí a kì í kó jáde fún àlejò.
Sójà kan ní Wukari tú u wò,
ó fi èékánná gbá etí ọ̀kan, kó-kó-kó:
"Ọ̀gá, ìgbéyàwó lẹ ń lọ?"
Mo ní rárá o, a fẹ́ lọ jù wọ́n nù ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbé okùn sókè fún wa.

A sùn ní Serti.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè
bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí àjà.
Kọ́nà lórí kọ́nà. Mo kà á dé ogójì, mo pa á tì.
Etí mi dí, ó là, ó tún dí.
Adéwọyin bì sínú ọ̀rá búrẹ́dì,
ó ní kí n má sọ fún ìyàwó òun.
Nígbà tí a fi máa yọ sí orí òkè Mambila,
otútù ti ń dúró dè wá
bí onílé tí a jẹ lówó ilé.

Baba Hammadu, tíṣà àná, ló ni pápá náà.
Agbọ̀n mẹ́sàn-án ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ:
páìpù omi, rímù kẹ̀kẹ́, ṣéènì ọ̀kadà tó ti gbó,
ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ láti gegele dé gegele
láàárín màlúù tí kò bìkítà.
Ìwé àlejò rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì.
Orúkọ mọ́kànlá péré.
Mo wá ti Abọ́sẹ̀dé, mo rí i:
oṣù kọkànlá èṣí, lẹ́tà rẹ̀ tó máa ń fì sósì.
Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Agbọ̀n keje jẹ mí ní gbèsè.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń jù ú
lẹ́bàá adágún Jabi lọ́jọ́ Sátidé,
kí físà tó dé, kí ó tó di ẹni
tó ń sọ lórí fóònù pé yìnyín ti bo pápá lọ́hùn-ún.
Ohun tó bẹ̀ mí kò ju ọ̀kan lọ:
"Bá mi wá àwo aláwọ̀ ọsàn mi.
Nọ́ńbà mi wà lára rẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń bá èèyàn ṣeré:
o ju àwo sọ́tùn-ún, ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e fún òsì.
Ní ìkẹrin, ti Adéwọyin ba màlúù kan nídìí,
màlúù náà bojú wẹ̀yìn
bí ìyá àgbà tí ọmọdé pè lórúkọ.
Ní ìkarùn-ún, tèmi wọlé.
Háà, ìró ṣéènì náà! Ṣàràràrà,
bí owó wẹ́wẹ́ tó dà sílẹ̀ nínú ilé tí owó ò sí.

Agbọ̀n keje wà ní etí ọ̀gbun gan-an.
Lẹ́yìn rẹ̀, ìkùukùu,
odò kan nísàlẹ̀ tó tín-ín-rín bí okùn bàtà,
lẹ́yìn odò, Kamẹrúùnù.
Mi ò jù ú. Mo ṣáà dúró,
mo di àwo mú bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Sajo, ọmọ darandaran, ló pè wá wá mu wàrà.
Nínú ahéré, ìyá rẹ̀ gbé igbá síwájú wa,
ó ṣí ìdérí:
àwo aláwọ̀ ọsàn, èéfín ti pa á lára,
nọ́ńbà mọ́kànlá, mẹ́ta ti parẹ́.
Ó ṣe rẹ́gí lórí igbá náà
bí ẹni pé wọ́n wọn ẹnu igbá kí wọ́n tó rọ ọ́ lókè òkun.

Adéwọyin wò mí. Mo wo wàrà.
Mo mu ún tán, mo nu ẹnu, mo kí ìyá náà,
mo fọwọ́ ara mi dé igbá padà.

Lálẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Abọ́sẹ̀dé ní, "Ṣé ẹ rí i?"
Mo ní a rí i.
Mo ní ó wọlé.