Tàdáwà Kò Lè Bá Omi Jà

Bàbá mi, Clyde Trewin, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Okùn kan ló ní, ó so tẹmómítà mọ́ ọn lẹ́nu,
àràárọ̀ ni yóò jù ú sómi lẹ́bàá ọkọ̀,
yóò dúró, yóò mu tíì ife kan tán,
yóò fà á sókè, yóò kọ nọ́ńbà sílẹ̀.
Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́. Ó ní tàdáwà kò lè bá omi jà.

"Oṣù Kejì, 1971. Omi: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Igbó ewé-òkun ṣú dùdù. Edé ńlá: ogójì. Afẹ́fẹ́ kò dára."
Bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, láìsí ọ̀ṣọ́.

Ní etíkun wa, ní Tasimáníà, ní ìsàlẹ̀ ayé,
igbó kan wà nínú omi nígbà náà:
ó ga ju òpó iná lọ,
ó ń mì bí ẹni tó ń ronú.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ wọ inú rẹ̀,
òtútù bù mí jẹ létí,
oòrùn ń kán sílẹ̀ láàárín ewé bí epo.
Ọkọ̀ wa a máa há síbẹ̀;
Bàbá a bú ewé náà, a bú u bí ẹni ń bú àbúrò.

Ta ló mọ̀ pé ohun tí à ń bú la ó wá sunkún rẹ̀?

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di mẹ́rìndínlógún.
Ọdún kan, ó padà sẹ́yìn; a mí kanlẹ̀, a ní ó ti tán.
Ọdún kejì, ó tún gòkè.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n.
Ní 1986 ni pẹ́ńsù Bàbá kọ́kọ́ ya àwòrán:
rogodo dúdú kan, ẹ̀gún gígùn yí i ká.
Lábẹ́ rẹ̀: "Kí lèyí?"

Òòrẹ̀ òkun ni.
Ìṣàn omi gbígbóná ló gbé ọmọ rẹ̀ wá láti àríwá,
ọmọ tó kéré bí eruku.
Tẹ́lẹ̀, òtútù ló máa ń pa á kó tó dàgbà.
Òtútù ni ògiri wa. A kò mọ̀ pé ògiri ni,
àfìgbà tó lanu tí aláǹgbá wọlé.
Àlejò náà kò kí onílé.
Ó jẹ ewé, ó jẹ ìdí ewé,
ó há àpáta jẹ títí tó fi funfun bí egungun.

Àǹtí Lowana, tí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣa ìkarahun níbẹ̀
kí ọkọ̀ baba-ńlá tèmi tó mọ ọ̀nà,
jókòó lórí àpáta, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi:
ìkarahun mẹ́fà, wọ́n ń dán bí ojú ológbò.
"Orí ewé-òkun ni wọ́n ń gbé," ló wí.
"Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan ń fẹ́ igba."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ká ọwọ́ padà.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: àwọn tó dé náà ládùn.
Jory ọmọ mi fi ìwọ̀ fa ẹja onírù pupa-rúsúrúsú kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá,
ó gùn tó ẹsẹ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí owó he.
"Ẹja wa," ló pè é.
Òun kò mọ igbó kankan. Àpáta funfun ni òkun lójú tirẹ̀.
Mo sun ẹja náà, mo fún òróǹbò wẹ́wẹ́ sí i, mo jẹ ẹ́, mo lá ìka.

Kìkì pé níbòmíràn, ẹja tó bá ń sá fún ooru a máa ríbi sá sí.
Ní gúúsù wa, kò sí etíkun mọ́.
Omi jíjìn ni, lẹ́yìn náà yìnyín.
Ẹja onílà tí Bàbá fẹ́ràn ti sún, ó ti sún,
ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ògiri tí kò lẹ́nu.

Oṣù tí omi kọ́kọ́ pé ogún ni Bàbá kú.
Èmi ni mo ń ju okùn báyìí. Tíì ife kan.
Àárọ̀ yìí: "Mọ́kàndínlógún. Òòrẹ̀: mi ò kà á mọ́.
Edé ńlá: méjì. Afẹ́fẹ́ dára."
Jory béèrè ìdí tí mi ò fi tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.
Mo fún un ní pẹ́ńsù, mo ní kó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó mú.