Ojú Mi Kò Tẹ̀lé Bọ́ọ̀lù

Àgbàdo ti gbẹ lóko, ẹ̀rọ ìkórè ti sùn,
alẹ́ Ẹtì ni ní Nẹ̀bráskà, òtútù ń jẹ etí.
Mo ká kóòtù Virgil lé orókún,
mo jókòó sórí pákó tí àwa méjèèjì fi ogójì ọdún jókòó sí,
apá ọ̀tún mi ṣófo.

Láyé Virgil, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà.
Wọn a gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀,
a gbá a mọ́ ìhà, a tẹrí ba,
a kó sáàárín àwọn géńdé bí àgbò tó já okùn.
Ìgbà ọgbọ̀n lálẹ́ kan. Mo kà á.
Títí ó fi kú ni orókún rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ṣú.

Kóòṣì Ostrander dé láti Tẹ́ksáàsì
pẹ̀lú ìwé tó kún fún àwòrán ọfà.
Ó ní ojú ọ̀run gbòòrò ju ilẹ̀ lọ,
kí bọ́ọ̀lù ó máa fò.
Ìlú kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.
A bẹ̀rẹ̀ sí í borí, ìlú panu mọ́.

Rylan, ọmọ ọmọ mi, ni agbébọ́ọ̀lù-sáré.
Orúkọ oyè nìyẹn. Bí ìgbà tí ẹ pe ènìyàn ní apẹja,
tí ẹ ní kó máa ṣọ́ ọkọ̀ fún ẹlòmíràn létí odò.

Ẹ wò ó: ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajubọ́ọ̀lù,
Colby Messersmith, ọmọ oníbáńkì, apá bíi kànnàkànnà.
Bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Ojú gbogbo ìlú gòkè.
Tèmi kò gòkè.
Mo rí ọmọkùnrin fífẹ̀ kan, nọ́ńbà márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta,
tó ń bọ̀ gba àárín bíi màlúù tó rí géètì ṣíṣí.
Rylan kò yà fún un. Ó rìn lọ pàdé rẹ̀,
ìṣísẹ̀ méjì péré, bí ẹni fẹ́ kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà,
ó sì fi àyà gbà á.
Ìró náà dé etí mi kí ariwo ìlú tó dé.

Ti bọ́ọ̀lù ni ariwo ìlú.
Ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Petrie ní ìpẹ̀kun pápá,
fèrè ń ké, Colby na apá méjèèjì sókè,
ẹ̀wù rẹ̀ funfun bíi wàrà.
Rylan ń wá àṣíborí rẹ̀ nínú koríko.
Ẹrù ni ayé ń wò. Ta ní ń kí òṣùká?

Nígbà mìíràn wọn a tan ọ̀tá jẹ:
Colby a ṣe bí ẹni pé òun gbé e fún un,
Rylan a gbá òfìfo mọ́ra, a sáré,
ènìyàn mẹ́ta a wó lù ú
nítorí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.
Ìyẹn ló ń dùn mí jù. N kò mọ ìdí.
Irọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n.
Èmi náà ṣì ń gbé àwo méjì kalẹ̀ lálẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ìwé ìròyìn kọ ọ́ báyìí:
Hruska, ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yáàdì méje.
Mo gé e. Mo fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
ẹni mọ́kànlá kò dé ọ̀dọ̀ Colby.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ó wọlé, èjìká rẹ̀ ti wú, ó ti ń dúdú lọ.
Mo ní, “Ṣé kò dùn ọ́ pé wọn kì í gbé e fún ọ?”
Ó mu wàrà rẹ̀ tán kó tó dáhùn.
“Ìyá àgbà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí Colby fi ń wòkè yẹn,
èmi ni mo rà á fún un.”
Ó wo ìwé náà. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi,
ó pa mọ́kànlá rẹ́,
ó kọ méjìlá.