Igba Tí Kò Lámì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́wọ́: èmi ni mo dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀.
Mo ní, "Fowókẹ́, dìde, kà á kí gbogbo kíláàsì gbọ́,"
mo sì fi igi dọ́sítà gbá tábìlì bí ẹni ń lé ewúrẹ́.
Ó dìde. Ó di ìwé mú bí àwo ọbẹ̀ tó kún dé etí.
Ó rí "ilé," ẹnu rẹ̀ pè é ní "ulé,"
bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń pè é,
bí gbogbo àgbà Òkè-Àgbò ṣe ń pè é kí ìwé tó dé.
Jọmílójú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín a máa ràn bí iná ọyẹ́:
ó dé bẹ́ǹṣì iwájú, ó dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn,
ó dé ẹnu tèmi náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Láti ọjọ́ náà, inú a máa run ọmọ ọdún méje yìí
ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá,
bí a bá ti ní ká mú ìwé kíkà jáde.

Mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn nílé.
Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà, èéfín agbada gàrí ni mo tẹ̀lé,
mo sì gbọ́ ohùn kan kí n tó rí ẹnikẹ́ni.
Ohùn Fowókẹ́ ni. Ohùn tí n kò gbọ́ rí.
Ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú èèpo gbágùúdá títí dé kókósẹ̀.
Yèyé Ẹfúnkẹ́ ń bẹ gbágùúdá, kò wo ojú ọmọ,
ọ̀bẹ rẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀, ṣìì, ṣìì.
"Máa kà á lọ. Èmi ò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìyẹ.
Bí o bá ṣì í, ta ni yóò mọ̀? Gbágùúdá, àbí èmi?"

Ọmọ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọ ipa eèrà.
"Bàbá Àlàdé gbé . . ."
Ó dúró. I, g, b, a.
Ìwé náà kò fàmì kankan sí i lórí.
"Gbé igbá kọ́ èjìká?"
Ọ̀bẹ dúró. "Igbá wo? Ṣebí orí là ń gbé igbá rù."
"Igba? Igba náírà?"
"Ìyẹn, àpò ló ń gbé."
"Ìgbà?"
"Ìgbà kì í ṣe ẹrù, ọmọ mi. Òun ló ń gbé wa."
Ni Yèyé bá na ọ̀bẹ sí ara ògiri,
síbi tí nǹkan kan gbé so rọ̀, tó ká bí ejò tó sùn lọ,
láti ọjọ́ tí baba ilé ti kú.
Ọmọ wo ògiri. Ọmọ wo ìwé.
"Igbà!" Adìyẹ fò. "Igbà ló gbé kọ́ èjìká, ó ń lọ sídìí ọ̀pẹ!"
"Ẹn-ẹ́n. O ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ta ló kú?
Baba rẹ àgbà a sọ igbà sókè,
a gbé ẹsẹ̀ kan, a mí,
a tún un sọ. Kì í wo bí orí ọ̀pẹ ṣe jìnnà tó."

Ẹjọ́ tí mo gbé wá, mo rọra gbé e padà láìkí wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo kó wọn sábẹ́ igi àgbálùmọ̀.
Mo ní kí wọ́n jókòó ní méjì méjì, kí wọ́n kẹ̀yìn síra,
kí ẹnikẹ́ni má wo ẹnu ẹnikẹ́ni.
Èmi ni mo kọ́kọ́ kà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í.
Èyí tí mo ṣì ṣìkejì, n kò mọ̀ọ́mọ̀;
Jọmílójú ló tún un ṣe fún mi, mo sì dúpẹ́.

Fowókẹ́ ṣì ń kà bí ẹni ń la odò kọjá.
Ó ṣì ń pe "ulé." Mo ti fi í sílẹ̀ fún un.
Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé ga,
mo máa ń rí i: á dúró,
á gbé èjìká díẹ̀,
á mí,
á sì tún un sọ.