Kí Ọkọ́ Tó Dáyé

Èmi ni mò ń ka garawa yanrìn ní ebúté Ìlàjẹ, Bàrígà.
Ìlà mẹ́rin, ìlà kan dábùú wọn: garawa márùn-ún.
Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fà á sára pákó,
òjò a pa á rẹ́, màá tún fà á.

Lánàá Sẹ̀tónjí rì wọ inú ọ̀sà,
ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.
Nígbà tó yọrí, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo,
kò bá mi sọ̀rọ̀ yanrìn.
Ó nawọ́: òkúta dúdú kan, kò tó ìdajì búrẹ́dì,
ẹnìkan ti bu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan díẹ̀díẹ̀
bí ọmọ ṣe ń fi eyín bu etí àkàrà.

Èkó kò lókùúta.
Ẹni tó bá ti kọ́lé níbí rí mọ̀ bẹ́ẹ̀:
Abẹ́òkúta ni tírélà ti ń kó o wá.
Ta ló wá gbé eléyìí dé ìsàlẹ̀ omi?
"Ẹdùn àrá ni," Sẹ̀tónjí ní, "òkè ló ti já bọ́."
Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ì bá wí, ì bá ti máa wá epo pupa.
Ṣùgbọ́n mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò mi sì bọ́ sínú àyè kan
tí ẹnìkan ti fi sílẹ̀ de àtàǹpàkò.
Kò ti òkè já. Ọwọ́ ló ti bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀sà yìí ti jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ rí,
pé òkun ti sún jìnnà, bí ẹni tí a bá jà,
koríko sì hù níbi tí ọkọ̀ yanrìn ń gbà lónìí.
Ẹnìkan fẹsẹ̀ rìn kọjá níbẹ̀, òkúta lọ́wọ́.
Mi ò mọ̀ bóyá obìnrin ni.
Mo ti pinnu pé obìnrin ni.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?
Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi,
tí wọ́n fẹsẹ̀ méjì dúró kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn koríko,
bóyá ẹkùn ni, bóyá ọmọ wọn tó sọnù.
Wọ́n nàró, ẹ̀yìn ló jẹ gbèsè ìnàró.
Èmi ni mò ń san án nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àbọ́níkí.
Mautin, ọmọ Sẹ̀tónjí, dìde lórí òkìtì yanrìn,
tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ó ṣubú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dìde.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún
wà láàárín ìṣubú yẹn àti ìdìde kejì.

Wọ́n máa ń ki ilẹ̀ ní afọkọ́yẹrí.
Kí ọkọ́ tó dáyé, kí ni ilẹ̀ fi ń yarun?
Mo rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ìka ọwọ́ ni. Igi ṣóńṣó. Bóyá òkúta yìí.

Obìnrin kan ju orí iṣu ìgbẹ́ sẹ́yìn àtíbàbà,
kò ro nǹkan kan, ẹkún ọmọ ló gbà á lọ́kàn.
Wọ́n ṣí lọ, wọ́n lépa ẹran lọ. Òjò rọ̀.
Nígbà tí wọ́n padà, ìtàkùn ti gun àkìtàn.
Ó dúró, ó wò ó.
Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé lọ́dún yìí, òun ò ní bá wọn lọ.

Orí àkìtàn ni ìlú ti hù.
Ẹ má bínú, mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́:
ẹ lọ wo Ìwáyà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdọ̀tí àti ìyẹ̀fun pákó
dí omi, kí ilé lè rí ibi dúró sí.

Dírẹ́bà típà kan fẹ́ rà á ní igba náírà.
Sẹ̀tónjí wo ojú mi, mo mi orí.
Okùn àpò kan kọ̀ tí kò tú;
mo fi etí òkúta náà rẹ́ ẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.
Ó já.

Sẹ̀tónjí ti tún rì.
Mo fa ìlà kan.