Kìlómítà Méje

Láti ilé wa dé ọsibítù tí Ìbídùn ti ń ṣe nọ́ọ̀sì,
kìlómítà mọ́kànlá ni.
Àlọ mọ́kànlá, àbọ̀ mọ́kànlá:
méjìlélógún.
Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀.
Láràárọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, tó sùn,
màá wọ bàtà, màá jáde sínú òtútù Winnipeg
tí í gé etí ènìyàn bí abẹ,
màá ṣe bí ẹni fẹ́ gbọn yìnyín kúrò lórí mọ́tò,
màá yọjú wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sítíárì.
Yìnyín a máa já bọ́ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n.
Òwú lóde, owú nínú mi;
àmì ohùn kan péré ló là wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ńbà fò.
Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Méje lé.

N kò béèrè. Èmi kì í béèrè.
Mo pa ẹnu dé bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀.
Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo jẹ ẹ́.
Ó húkọ́, mo yíjú.
Ó ní, "Kí ni mo ṣe?"
mo gbé rìmóòtù, mo sọ tẹlifíṣọ̀n sókè.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Bàbá mi, nílé wa n'Ípetu,
a máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì
kí ìyá mi má baà bù ú fún aládùúgbò.
Mo búra lọ́mọdé pé n kò ní í jọ ọ́.
Mo rékọjá òkun, mo gba ìwé ìgbélùú,
mo rò pé kọ́sítọ́ọ̀mù ti gba ṣọ́ọ̀kì yẹn lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹwàá Ìbídùn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
"Etí odò ni mo lọ.
Mo pa mọ́tò, mo jókòó.
Odò ti dì gbagidi, kò sí ẹni tó ń bínú níbẹ̀.
Mo kàn fẹ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí kì í ṣe tìẹ."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ wá títí dé eyín mi,
ó padà.
Mo ní, "Ta ló jókòó tì ọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. Àwọ̀lékè ẹ̀rín ni.

Ọdún kejì rèé.
Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo ń gbé, nílé Fílípínò kan lọ́nà Sargent.
Lálaalẹ́ mo ń ki wáyà mọ́tò bọ iná
kí òtútù má baà pa á.
Ẹ́ńjìnnì ni mo mọ̀ ọ́n mú móoru.

Lánàá mo wà á lọ sétí odò.
Mo pa á, mo jókòó, mo ń dúró
de ohun tí Ìbídùn gbọ́.
Kí n tó mọ̀, ojú mi ti lọ sídìí nọ́ńbà:
mẹ́rin.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.