Orúkọ Tí Wọn Kò Wolé Sọ

Alẹ́ ọjọ́ tí rélùwéè Èkó pẹ́ dé Ọ̀fà,
bàbá bàbá mi, Yésúfù Olátínwọ́,
ẹni tí ń ju àtùpà fún ọkọ̀,
gbọ́ tí òyìnbó ẹnjiníà ń dá sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ńṣì.
Ibà ti gbé Mákínísì ṣánlẹ̀.
Ohun tó ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.
Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀n tirẹ̀: pọ́íntì, sígínà, èébú.
Èyí ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bọ̀
bí okùn tí a fi ń fami nínú kànga jíjìn.

"Ọ̀gá, èdè wo nìyẹn?"
"Gálíkì. Ti ìyá mi."
Ó mu àgbo tí bàbá gbé fún un,
ojú rẹ̀ sún kì, ó ní:
láéláé, èdè yìí ló ń jẹ́ Síkọ́tì,
òun àti ilẹ̀ wa, orúkọ kan.
Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ń sọ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì
bọ́ orúkọ náà lọ́rùn wa bí agbádá,
wọ́n gbé e wọ̀.
Wọ́n wá pe tiwa ní Ẹ́ẹ̀sì,
èdè ará Áílàndì, èdè àlejò.
"A di àlejò, Yésúfù,
a ò sì tíì dìde lórí ẹní bàbá wa."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí àtùpà fi mì.
Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni akọ̀wé bi í ní èdè rẹ̀.
Ó ní Ìbọ̀lọ́.
Akọ̀wé kọ Yorùbá,
orúkọ tí Gàmbàrí ń pe ará Ọ̀yọ́,
ìwé ti gbà á, ó ti parí.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
àwọn tó sọ wá ò dé ìloro.
Ní Fìrítáùn, wọ́n gbọ́ "ẹ kú" lẹ́nu wa
láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́,
wọ́n ní Àkú là ń jẹ́.
Kéèyàn kí ni, kí ìkíni di orúkọ rẹ̀!

Aago mẹ́ta kọjá kí ọkọ̀ tó fọn fèrè.
Mákínísì kígbe nǹkan kan.
Bàbá fi Ìbọ̀lọ́ dá a lóhùn.
Kò sẹ́ni tó túmọ̀.

Ìwé pélébé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.
"Galiki," lẹ́tà rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́,
lábẹ́ rẹ̀, "Ibolo."
Yorùbá ni mo fi ń kọ èyí,
mo ń jẹ́ orúkọ náà, mi ò bá a jà.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ibà bá gbé mi ṣánlẹ̀,
ẹ tẹ́tí.